Ìkòkò Iyọ̀ Yíyọ́ Tó Sán Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Jíjó: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Oníṣẹ́ Irin Kan ní Iléṣà

Oníṣẹ́ irin kan ní Iléṣà, tó máa ń fi iyọ̀ yíyọ́ mú abẹ ẹ̀rọ àti òòlù inú ẹ̀rọ ìlọgbàdo le, kọ ìwé sí mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó sì fi àjákù ìkòkò rẹ̀ kan tó bà jẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé náà. Mo gé ìbéèrè rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Irin sítéńlẹ́ẹ̀sì 304 tó nípọn ní 4 mm ni mo fi ṣe ìkòkò náà. Àdàlù sodium chloride àti potassium chloride ni iyọ̀ inú rẹ̀, mo sì ń lò ó ní nǹkan bíi 820°C. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń paná, iyọ̀ á dì sínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo tún ń dá iná gáàsì sí i láti ìsàlẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo sì rí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ara rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ṣì nípọn bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ká irin náà nísàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wẹ́dà ti jó o ti sán. Bí iyọ̀ bá ń jẹ irin, ṣé kò yẹ kó jẹ ẹ́ dọ́gba ni? Mi ò gbé ẹrù kankan lé e. Ṣé kí n lo irin 6 mm fún òmíràn?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ kò ta ìkòkò náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìdáhùn mi ní ṣókí nìyí: iyọ̀ náà jẹ irin yín káàkiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú irin ló ń há dànù. Àwọn ààlà tín-ín-rín tó pín irin sí hóró hóró ló ń gbà wọlé, ibi tí irin bá sì ti wà lábẹ́ ìfà ni àwọn ààlà wọ̀nyí ti ń ṣí sílẹ̀ fún un. Ìfà ni màá máa pe agbára tó ń na irin láti inú, tí ìwé ẹ̀kọ́ ń pè ní tensile stress. Pé ẹ kò gbé ẹrù lé ìkòkò náà kò túmọ̀ sí pé ìfà kò sí lára rẹ̀. Màá padà sórí èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà wà.

Mo gé ègé kan tó tó èékánná àtàǹpàkò láti ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó, ìyẹn ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, mo fi bébà oníyanrìn dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà, mo sì wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù. Lójú lásán, ìlà kan ṣoṣo ni ojú sísán náà. Lábẹ́ awò, ó dà bí igi ọdán tí ewé rẹ̀ ti wọ́ tán: ìtí kan, ẹ̀ka púpọ̀, gbogbo ẹ̀ka náà ló sì ń yí hóró irin po dípò kó gba inú wọn kọjá. Níwájú ṣónṣó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àwọn ihò róbótó wẹ́wẹ́ tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ààlà bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, tí wọn kò tíì so pọ̀ di ìlà. Mo gé ègé kejì láti ara tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun náà ní ihò, ṣùgbọ́n wọn kò jìn, n kò sì rí ẹyọ kan tó ti so mọ́ èkejì. Iyọ̀ kan náà ló kan ègé méjèèjì, ooru kan náà ló sì yá wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe kí ìfà tó dá sí i. Ohun tó ń dáàbò bo sítéńlẹ́ẹ̀sì nílé ìdáná kì í ṣe líle rẹ̀. Nínú 304, nǹkan bíi ìdá 18 nínú 100 jẹ́ kromíọ̀mù, nǹkan bíi ìdá 8 sì jẹ́ níkẹ́lì. Kromíọ̀mù yìí ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ṣe awọ fẹ́lẹ́ kan tí kò nípọn ju nánómítà díẹ̀ lọ, bí nǹkan bá sì ha awọ náà, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iyọ̀ yíyọ́ ló ń ba ètò yìí jẹ́. Nínú iyọ̀ fluoride, ṣe ni awọ náà ń yòrò. Nínú iyọ̀ chloride tí ẹnu ìkòkò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi tiyín, iyọ̀ àti ọ́síjìn jọ ń sọ awọ náà di chromate, tó ń wọ inú iyọ̀ lọ. Ẹ wo iyọ̀ tó dì mọ́ àjákù tí ẹ fi ránṣẹ́: ó ní àwọ̀ ìyeyè lápá ibi tó fara kan irin. Kromíọ̀mù yín nìyẹn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá a, ẹ má sì jẹ́ kí eruku rẹ̀ wọ imú yín, májèlé ni chromate irú èyí, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.)

Nígbà tí awọ bá lọ, kromíọ̀mù inú irin fúnra rẹ̀ ni iyọ̀ tún ń wá, nítorí nínú àwọn mẹ́ta, òun ló rọrùn jù fún chloride láti gbà; irin tẹ̀ lé e, níkẹ́lì ló gbẹ̀yìn. Kromíọ̀mù ojú kì í pẹ́ tán, òmíràn sì ní láti rìn láti inú wá. Nínú hóró fúnra rẹ̀, ìrìn náà falẹ̀ púpọ̀. Lójú ààlà, níbi tí àwọn átọ́ọ̀mù kò ti tò gún régé, ó yá. Ìdí nìyẹn tí jíjẹ náà fi ń tẹ̀ lé ààlà lọ sínú, tí ihò sì ń ṣẹ́ kù síbi tí kromíọ̀mù ti kúrò.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí ojú sísán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó máa ń dẹ́bi fún carbide, ìyẹn àdàpọ̀ kábọ̀nù àti kromíọ̀mù, lọ́gán. Láàárín nǹkan bíi 450°C sí 850°C, kábọ̀nù inú irin ń so mọ́ kromíọ̀mù lójú ààlà, ẹ̀gbẹ́ ààlà náà sì ń di aláìní kromíọ̀mù kí iyọ̀ tó débẹ̀ rárá. Ooru tí wẹ́dà fi jó irin máa ń fa èyí sí ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé tiyín. 820°C tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ wà láàárín ìwọ̀n yẹn, nítorí náà gbogbo ara ìkòkò yín ló ti ní carbide lójú ààlà, títí kan ara pẹrẹsẹ tí kò sán. Nǹkan mìíràn ló ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń rò pé irin tí a bá ń fà máa ń dùn ún jẹ fún iyọ̀ ju èyí tó jókòó jẹ́jẹ́ lọ, pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ ti fẹ́ já tẹ́lẹ̀. A lè ṣírò rẹ̀. Ká ní ìfà tó wà lára irin náà jẹ́ 100 MPa (megapascal, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfà), èyí tó pọ̀ fún irin tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Agbára tí ìfà yìí kó pamọ́ sínú gíráàmù 56 irin, ìyẹn iye átọ́ọ̀mù tí a ń pè ní mole kan, kò pé joule kan. Agbára ooru tí a fi ń díwọ̀n iye átọ́ọ̀mù kan náà ní 820°C sì súnmọ́ joule 9,100. Eṣinṣin bà lé erin ni. Ìfà kò fi ohun tó ṣeé rí kún ebi iyọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mo lè fi àkàwé tó kàn bá sọ̀rọ̀ láìṣe àlàyé. Òṣómàáló ni iyọ̀ yíyọ́. Ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ kìíní, gbèsè kromíọ̀mù ló wá gbà, kò sì ní ibòmíràn tó ń lọ. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ìwọ̀nba tí onílé bá yọ sí i lójú fèrèsé ni yóò máa gbà. Ìfà ni ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún un láti inú ilé.

Ó ń ṣí i báyìí. Ihò tí kromíọ̀mù fi sílẹ̀ lójú ààlà kò lè fẹ̀ púpọ̀ bí kò bá sí ohun tó ń fa ìhà méjèèjì ààlà náà. Bí ìfà bá dábùú ààlà, ihò á gùn, á kan èkejì rẹ̀, iyọ̀ tuntun á sì ṣàn wọlé dé ibi tí kromíọ̀mù ṣì pọ̀, dípò kí kromíọ̀mù máa rìn ọ̀nà jíjìn bọ̀ wá bá iyọ̀. Ṣónṣó ojú sísán náà ń kó ìfà jọ sójú kan, débi pé ìwọ̀nba ìfà tó wà lára irin lè di ìlọ́po mélòó kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irin irú èyí, bó bá ti ń gbóná kọjá nǹkan bíi 430°C, kì í dúró sójú kan mọ́ lábẹ́ ẹrù: ó ń nà díẹ̀díẹ̀, wákàtí lórí wákàtí, èyí tí a ń pè ní creep. Ní 820°C, creep ti di ọ̀ràn ńlá, òun náà sì máa ń gbẹ́ ihò lójú ààlà hóró. Ihò tí iyọ̀ gbẹ́ àti ihò tí creep gbẹ́ ń bá ara wọn pàdé lójú kan náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so pọ̀, awò mi pàápàá kò lè sọ èyí tó ṣáájú.

Ní ti ibi tí ẹ ti ká irin, ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá ká irin 4 mm débi pé ìtẹ̀sí inú rẹ̀ bá róbótó tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 8 mm mu, ojú òde ti nà ní nǹkan bíi ìdá 20 nínú 100, ojú inú sì ti sún kì ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá rò ó lọ́nà tó yá yóò sọ pé òde ló yẹ kó sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá jáwọ́ lára irin, ó máa ń ta padà díẹ̀, títa padà yìí ló sì ń fi ìfà sílẹ̀ sí ojú inú tí a ti fún pọ̀, tó ń fi ìfúnpọ̀ sílẹ̀ sí ojú òde. Ojú inú ni iyọ̀ wà. Ní àfikún, irin tí a ká ní tútù kún fún àbùkù wẹ́wẹ́ tí kromíọ̀mù lè gbà rìn, carbide sì máa ń tètè hù nínú rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè pé níbo ni ìfà ti wá, nígbà tí kò sí ẹrù. Kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ìwúwo iyọ̀. Bí ìkòkò yín bá fẹ̀ ní 30 cm, tí iyọ̀ sì jìn ní 30 cm, ìfà tí ìwúwo rẹ̀ lè fi sára irin 4 mm kò ju nǹkan bíi 0.2 MPa lọ. Ẹ lè gbàgbé rẹ̀. Ojú jíjó ńkọ́? Bí irin tí wẹ́dà yọ́ ṣe ń tutù ló ń súnkì, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì gbà fún un, nítorí náà ìfà tó súnmọ́ òpin agbára irin máa ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó láti ọjọ́ tí wọ́n ti jó o. Fún 304, òpin yìí kì í sábà dín ní 205 MPa nígbà tó bá tutù, kò sì tó ìdajì rẹ̀ mọ́ ní 800°C. Ìfà yìí ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú iná tó tó tiyín, yóò ti rọ̀ lọ láàárín wákàtí mélòó kan, rírọ̀ náà á sì ti na ààlà hóró díẹ̀ kó tó parí. Kò lè dá ṣe ibi oṣù mẹ́ta.

Ohun tó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ Ajé yín. Sodium chloride ń yọ́ ní 801°C, potassium chloride ní 770°C; bí a bá pò wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n lè yọ́ ní nǹkan bíi 657°C. Irú iyọ̀ yìí máa ń fẹ̀ nígbà tó bá ń yọ́, ní nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ wá fojú inú wò ó: iná wà nísàlẹ̀, iyọ̀ ìsàlẹ̀ ti di omi, ó ń wá àyè tó fi máa fẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ òkè ṣì dì gbagidi bí ìdérí tí wọ́n fi símẹ́ńtì dé, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò yíká. Kò sí ibi tí omi iyọ̀ náà lè lọ. Ara ìkòkò ló ń tì síta, igun ìsàlẹ̀ tí ẹ ká àti ojú jíjó tó wà nítòsí rẹ̀ ló sì ń gba ìyà náà jù. Ẹ fi èyí kún un pé ìsàlẹ̀ gbóná ju òkè lọ: bí apá kan lára irin tó di ara rẹ̀ mú bá fi 50°C gbóná ju apá kejì lọ, ìfà tó lè ti ibẹ̀ wá ju 100 MPa, ìyẹn ju ohun tí irin náà lè gbà lọ láìnà títí láé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, òṣómàáló wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ni ẹ rí jíjò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi ju wa lọ. Ní Crescent Dunes, ibùdó iná oòrùn kan ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ nitrate tó gbóná tó 565°C ni wọ́n ń tọ́jú sínú táǹkì sítéńlẹ́ẹ̀sì ńlá. Táǹkì ìgbóná náà jò ní 2016, iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Iyọ̀ nitrate kì í jẹ irin kíákíá bíi tiyín, nítorí awọ ọ́síjìn máa ń dúró lára irin nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ojú jíjó àti ìsàlẹ̀ táǹkì, tí ooru ń nà tí ilẹ̀ sì dì mú, ni ojú àwọn olùwádìí máa ń yí sí nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ kejì dàgbà ju ìyẹn lọ, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ní Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n lo ẹ̀rọ átọ́míìkì kan tí iyọ̀ fluoride ń ṣàn nínú rẹ̀ ní nǹkan bíi 650°C láàárín 1965 sí 1969. Hastelloy N, tó jẹ́ pé níkẹ́lì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe sítéńlẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí wọ́n gé lára rẹ̀ tí wọ́n sì fà á nínú ẹ̀rọ, ààlà hóró tó wà lójú irin bẹ̀rẹ̀ sí í là, bẹ́ẹ̀ ojú sísán tó hàn kí wọ́n tó fà á kéré. Tellurium, tó ń jáde láti inú pípín uranium, ló ti sọ ààlà náà di aláìlágbára. Irin lè ti bà jẹ́ nínú kó má sì hàn, títí ìfà á fi dé.

Bí ẹ bá fẹ́ dán irin mìíràn wò kí ẹ tó náwó lé e, ẹ má ṣe àṣìṣe tí mo ṣe nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí. Mo so ẹrù mọ́ ọ̀pá sítéńlẹ́ẹ̀sì tó wà nínú iyọ̀, mo so èkejì sínú iyọ̀ láìsí ẹrù. Elẹ́rù já, èkejì kò já, mo sì ti ń kọ ọ́ káàkiri pé iyọ̀ àti ìfà jọ pa á. Ọ̀gá mi kan wò mí, ó ní, "Èyí tó ní ẹrù tí kò ní iyọ̀ dà?" Mo gbé ẹ̀kẹta sínú gáàsì argon ní ooru kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà. Òun náà já, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju ti inú iyọ̀ lọ. Creep ló pa àwọn méjèèjì. Ẹrù tí mo so ti pọ̀ jù débi pé iyọ̀ kò ráyè ṣe ohunkóhun. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lè sọ ọ́ jáde níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ní ti ìkòkò tuntun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ Sátidé, nítorí kò ná yín ní nǹkan púpọ̀. Kí iyọ̀ tó dì, ẹ bù ú kúrò sínú àwo irin tó gbẹ kanrin kanrin. Mo ní tó gbẹ, nítorí omi díẹ̀ lábẹ́ iyọ̀ yíyọ́ lè bú gbàù sí yín lójú. Bí ẹ kò bá lè bù ú, ẹ ki ọ̀pá irin tó ti ìsàlẹ̀ tín-ín-rín wá nípọn lókè sínú rẹ̀ títí dé ìdí, kí ẹ sì fà á yọ nígbà tí iyọ̀ bá fẹ́ dì tán, kí ihò wà tí omi iyọ̀ máa gbà jáde lọ́jọ́ Ajé. Iná náà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yá ẹ̀gbẹ́ àti òkè kó tó kan ìsàlẹ̀. Iyọ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ yan án gbẹ ní nǹkan bíi 200°C fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì máa dé ìkòkò nígbà tí ẹ kò bá lò ó, nítorí ọ̀rinrin àti ọ́síjìn ló ń fún iyọ̀ ní eyín.

Ẹ má jẹ́ kí ojú jíjó wà ní igun ìsàlẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí ẹni tó lè tẹ ìdí ìkòkò lódidi bí abọ́, kí ojú jíjó gòkè kúrò níbi tí iyọ̀ ti kọ́kọ́ ń yọ́, ẹ sanwó fún un. Lẹ́yìn títẹ̀, ẹ mú un gbóná dé nǹkan bíi 1050°C kí ẹ sì tètè mú un tutù. Èyí yóò yọ ìfà tí títẹ̀ fi sílẹ̀. Yíyí padà sí 304L, tí kábọ̀nù rẹ̀ kéré, yóò dín carbide kù, ṣùgbọ́n kábọ̀nù tí ẹ yọ yìí wà lára ohun tó ń fún irin lágbára nínú iná, nítorí náà n kò retí pé yóò mú ìkòkò pẹ́ púpọ̀. Irin tó ní níkẹ́lì púpọ̀, bí Inconel 600, ni yóò pẹ́ jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ọjà yín lè gbé e.

Ní ti irin 6 mm, èmi kò ní rà á. Bí irin bá ṣe nípọn tó ni ìyàtọ̀ ooru láàárín ojú òde tí iná wà àti ojú inú ṣe ń pọ̀ tó, ìyàtọ̀ ooru yẹn sì ni ìfà. Kíká 6 mm sí ìtẹ̀sí 8 mm kan náà yóò na ojú òde, yóò sì fún ojú inú pọ̀, dé nǹkan bíi ìdá 27 nínú 100 dípò 20. Bí ó bá jẹ́ pé ara pẹrẹsẹ ló tín-ín-rín tó sì lu, mo lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo irin tó nípọn sí i, ṣùgbọ́n ara pẹrẹsẹ yín ṣì jẹ́ 4 mm. Mo wọ̀n ọ́n.